Rìfọ́fà Àlòkù Tí Ọta Rẹ̀ Ń Yà

Rìfọ́fà ni ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ wà nínú àgbá kékeré kan tó ń yí. Ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú àgbá náà. Bí ìka bá ti ń fa ìbọn, àgbá á yí ihò kan wá sí ìdí ọ̀pá ìbọn, òòlù á sì lu ìdí ọta. Àmì méjì ló wà lórí ìbọn tí ayìnbọn fi ń fojú sun ohun tó fẹ́ yìn. Àmì iwájú dúró ṣánṣán nítòsí ẹnu ìbọn. Àmì ẹ̀yìn ní àlàfo kékeré kan láàárín, òun ló sún mọ́ ojú ayìnbọn. Bí orí àmì iwájú bá bá orí àmì ẹ̀yìn dọ́gba, tí ìmọ́lẹ̀ tó wà lọ́tùn-ún àti lósì àmì iwájú nínú àlàfo náà sì rí bákan náà, ibi tí ojú ń wò yẹn ló yẹ kí ọta bà. Bí ọta bá ń gba ibòmíràn lọ, ìbọn náà ń yà nìyẹn.

Rìfọ́fà àlòkù ló sábà máa ń yà jù. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti lọ́ ìṣó rẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe, ó lè ti fi fáìlì rẹ́ àmì iwájú, ìbọn náà sì lè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀ rí. Ẹni tó ń tà á kì í fi èyí kún ọ̀rọ̀ ọjà rẹ̀. Ẹni tó rà á ní tirẹ̀, gbàrà tó bá ti rí i pé ọta yà, sukudíráfà ló máa ń nawọ́ mú. Níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àmì ìfojúsun kàn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń mú kí ọta yà ni. Ó ní ètò tó yẹ kéèyàn fi wádìí: ayìnbọn ló ṣáájú, ọta ló tẹ̀ lé e, ohun tó tú lára ìbọn ló kàn, ẹ̀yìn wọn ni lílọ́ ìṣó, fáìlì ló kẹ́yìn gbogbo wọn.

Àmì tó dúró gbagidi àti àmì tó ṣeé sún

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe àmì ìfojúsun rìfọ́fà. Èkíní ni àmì tó dúró gbagidi. Nínú irú èyí, àmì ẹ̀yìn kì í ṣe nǹkan ọ̀tọ̀, ojú irin ìbọn gan-an ni wọ́n gbẹ́ bí ipadò tẹ́ẹ́rẹ́, àmì iwájú sì lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìbọn. Kò sí ìṣó kankan tí wọ́n lè lọ́. Rìfọ́fà Colt tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 1873 jẹ́ irú rẹ̀. Èkejì ni àmì tó ṣeé sún. Àmì ẹ̀yìn tirẹ̀ dá dúró, ó ní ìṣó kan tó ń gbé e lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ó tún ní òmíràn tó ń gbé e sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ rìfọ́fà Smith & Wesson tí wọ́n ń fi díje ní irú àmì yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni MR73 tí ilé iṣẹ́ Manurhin ní ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní ọdún 1973, tí ikọ̀ GIGN ti àwọn ṣàndáámù Faransé sọ di olókìkí.

Ní agbègbè Pobẹ̀ àti Sákẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ìtàn ààlà ilẹ̀ ló pín irú rìfọ́fà tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó pín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàárín ara wọn. Pobẹ̀, Sákẹ́tẹ́ àti Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìpókíá, Ìlárọ̀ àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbọn tí àwọn ọ̀gá ológun Faransé ń há mọ́ ìgbànú wọn ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni rìfọ́fà Modèle 1892, tí wọ́n ń rọ ní ìlú Saint-Étienne. Ọta mẹ́fà ló ń gbà, ihò ọ̀pá rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 8. Webley, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní ọdún 1887, ló wà lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ìhà kejì ààlà. Méjèèjì ló jẹ́ ìbọn ológun tí kò ní àmì ẹ̀yìn tí wọ́n ń fi ìṣó sún.

Ìbọn tí ọmọ ìlú mọ̀ ní tirẹ̀ ni ṣakabùlà, ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. Ìṣòro tí à ń sọ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ṣakabùlà jà. Ọ̀pá rẹ̀ gùn gbọọrọ, ọta wẹ́wẹ́ tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ sì máa ń tàn káàkiri, tó fi jẹ́ pé bí ìbọn bá tilẹ̀ yà díẹ̀, ọta kan tàbí méjì á ṣì ba ẹran. Ọta kan ṣoṣo ni rìfọ́fà ń yìn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá rẹ̀ kúrú, àmì iwájú àti àmì ẹ̀yìn rẹ̀ sì sún mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí. Kíkúrú yìí ló ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 15 ló wà láàárín àmì méjèèjì, tí bébà tí wọ́n ń yìn sì wà ní mítà 15. Mítà 15 yẹn jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà 15. Nítorí náà, bí àmì bá fi mìlímítà 1 péré yà, ọta á fi mìlímítà 100 yà lójú bébà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan nìyẹn, mìlímítà 1 sì rèé, ojú lásán lè má rí i. Ìṣirò yìí kan náà ni wọ́n ń fi mọ bí àtúnṣe ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìṣó.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ṣí àgbá ìbọn, kí wọ́n kó gbogbo ọta inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì wo ihò kọ̀ọ̀kan. Kíkà nìkan kò tó: kí ojú rí òfìfo ihò, kí ìka sì kàn án. Ọta kì í sì í wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń tún ìbọn ṣe. Láti wo inú ọ̀pá ìbọn, àgbá gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí wọ́n gbé bébà funfun sí ìdí ọ̀pá kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ẹni tó bá ń gbé ojú sí ẹnu ìbọn tí àgbá rẹ̀ wà ní pípadé ń fi ẹ̀mí ṣeré.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. Orí pápá ìyìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn bébà, tí ayìnbọn sì fi nǹkan di etí, tó fi gíláàsì bo ojú. Ayìnbọn á jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí àpò iyẹ̀pẹ̀ kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Ọta márùn-ún ni kó yìn sójú kan náà, láìyí ibi tó ń fojú sun padà bó tilẹ̀ rí i pé ọta ń yà. Ọta kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí. Bí márùn-ún náà bá kóra jọ sójú kan tí kì í ṣe àárín bébà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àmì ló yà. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, ipò àmì kọ́ ni ẹjọ́ kàn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi sísún àmì wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ sàn.

Kí ẹlòmíràn tó mọ ìbọn yìn náà bá wọn yìn ín wò. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ní ó ń yà, ọwọ́ olówó rẹ̀ ló ń yà á. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tó ń já ìbọn fà dípò kó rọra fà á, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ọta rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tó ń bẹ̀rù ariwo àti títa ìbọn a máa tẹ ẹnu ìbọn wálẹ̀ kó tó dún. Ojú náà ní ìpín tirẹ̀. Àmì iwájú ni ojú gbọ́dọ̀ rí kedere, kí bébà àti àmì ẹ̀yìn ṣú díẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò rí nǹkan itòsí dáadáa mọ́, lè máa fi ẹ̀bi ojú kan ìbọn. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń ta lu ẹ̀gbẹ́ kan àmì iwájú, ẹ̀gbẹ́ tó ń dán yẹn ni ojú á máa tẹ̀ lé, ọta á sì sún kúrò láàárín láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe ìbọn.

Ọta tí wọ́n ń lò

Ọta tó yàtọ̀ síra kì í ba ibì kan náà. Nígbà tí rìfọ́fà bá dún, ó máa ń ta sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ á sì gbé sókè kí ọta tó jáde tán nínú ọ̀pá. Àwọn tó ń ṣe ìbọn mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àmì iwájú ga, kí ẹnu ìbọn lè tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ojú bá ń wò ó gbọọrọ. Ọta tó wúwo kì í yára, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú ọ̀pá, ó sì máa ń ta ìbọn jù. Ẹnu ìbọn á ti gbé sókè dáadáa kó tó jáde. Nítorí náà, láti ọ̀nà tí kò jìn, ọta tó wúwo ló sábà máa ń bà sókè, èyí tó fúyẹ́ tó sì yára á bà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ìwúwo ló ń fa ọta wálẹ̀ á lọ́ ìṣó sódì.

Ọta .38 Special ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Èyí tó wọ́pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ wúwo tó gíráàmù 10, òun sì ni wọ́n fi ṣe ìdíwọ̀n àmì ọ̀pọ̀ rìfọ́fà tí àmì rẹ̀ dúró gbagidi. Bí wọ́n bá ki èyí tó jẹ́ gíráàmù 8 tó yára sínú ìbọn kan náà, ọta lè bọ́ sísàlẹ̀. Ìbọn tó ń lo .357 Magnum, tó jáde ní ọdún 1935, lè yin .38 Special pẹ̀lú, àwọn méjèèjì kì í sì í bà sójú kan náà. Àtúnṣe tí kò náni ju pààrọ̀ ọta lọ ti yanjú ọ̀ràn ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọn ì bá ti fi fáìlì bà jẹ́.

Ohun tó tú

Bí ayìnbọn àti ọta bá yege, ara ìbọn ló kàn. Àmì ẹ̀yìn tó ṣeé sún ní ìṣó tó dè é mọ́ ara ìbọn, ó sì ní sipíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìṣó náà bá dẹ̀, tàbí tí sipíríǹgì bá ti rẹ̀, títa ìbọn á máa gbé àmì náà kúrò nípò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọta á lọ sókè lónìí, á lọ sọ́tùn-ún lọ́la. Ọ̀nà tó rọrùn wà láti mọ̀ ọ́n: kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà tínrín kan tó gba orí àmì ẹ̀yìn kọjá bọ́ sórí ara ìbọn, kí wọ́n yin ọta mẹ́fà, kí wọ́n sì wo ìlà náà. Bí ìlà náà bá ti já, tí apá kan kò bá èkejì dọ́gba mọ́, àmì náà ń rìn.

Sukudíráfà tí ẹnu rẹ̀ kò bá ojú ìṣó mu kì í jẹ́ kí ìṣó ìbọn pẹ́. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ojú ìṣó gẹ́lẹ́, láìfẹ̀ jù, láìtínrín jù. Ìṣó tó ti dógùn-ún kò fẹ́ agbára. Kí wọ́n kán epo tó ń wọnú irin sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ní ilẹ̀ Pobẹ̀, níbi tí òjò ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí afẹ́fẹ́ sì máa ń tutù rinrin, ìpẹta máa ń tètè mú irin. Àpò awọ tí wọ́n fi ìbọn pamọ́ sí fún ìgbà pípẹ́ tún ń dá kún un, nítorí pé awọ a máa gba omi sára.

Sísún àmì ẹ̀yìn

Àmì ẹ̀yìn ń bá ọta rìn, àmì iwájú ń lòdì sí i. Bí ọta bá ń bọ́ sósì tí wọ́n sì fẹ́ kó wá sọ́tùn-ún, kí wọ́n sún àmì ẹ̀yìn sọ́tùn-ún. Bó bá ń bọ́ sísàlẹ̀, kí wọ́n gbé àmì ẹ̀yìn sókè. Àmì iwájú ń lòdì nítorí pé bó bá ti ga tó ni ayìnbọn á ṣe rẹ ẹnu ìbọn sílẹ̀ tó kí orí rẹ̀ tó bá àmì ẹ̀yìn dọ́gba.

Ìyípo díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ ìṣó, wọ́n á sì tún yin ọta márùn-ún lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ irú àmì yìí, ìṣó a máa dún kẹ́ bó bá ti ń yí, kíka ìró náà sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè dá a padà. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n má sì lọ́ ìṣó méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọn kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Nígbà mìíràn ìṣó á dé ìpẹ̀kun, ọta kò sì ní tíì dé àárín. Bí wọ́n bá ti rẹ àmì ẹ̀yìn sílẹ̀ pátápátá tí ọta ṣì ń bà sókè, àmì iwájú ló kúrú jù, bóyá torí pé olówó rẹ̀ àtijọ́ ti rẹ́ ẹ. Àmì iwájú tó ga jù ú lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé e sókè tán tí ọta ṣì ń bà sísàlẹ̀, àmì iwájú ló ga jù. Bó sì jẹ́ ọ̀tún tàbí òsì ni ìṣó parí sí, wàhálà kò sí lára àmì ẹ̀yìn mọ́.

Ọ̀pá tó wọ́ àti fáìlì

Ọ̀pọ̀ rìfọ́fà ni wọ́n lọ́ ọ̀pá wọn mọ́ ara ìbọn. Bí wọ́n bá lọ́ ọ já ibi tó yẹ kó dúró, tàbí tí wọn kò lọ́ ọ débẹ̀, àmì iwájú á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá fì sọ́tùn-ún, ọta á lọ sósì; bó bá fì sósì, ọta á lọ sọ́tùn-ún. Láti rí i, kí wọ́n gbé ìbọn tí wọ́n ti tú ọta rẹ̀ sílẹ̀ sórí nǹkan tó tẹ́jú, kí wọ́n sì wò ó láti ẹ̀yìn bóyá àmì iwájú dúró ṣánṣán lórí àlàfo. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pá náà ti ń yí padà. Ẹni tó bá fi òòlù lu àmì iwájú kó lè nàró á ṣẹ́ ẹ ni, tàbí kó tẹ ọ̀pá pẹ̀lú rẹ̀.

Lórí ìbọn tí àmì rẹ̀ dúró gbagidi, fáìlì ló ń ṣe iṣẹ́ ìṣó. Bí wọ́n bá rẹ́ orí àmì iwájú, ọta á gòkè. Bí wọ́n bá rẹ́ etí òsì àlàfo ẹ̀yìn, àárín àlàfo á sún sósì, ọta á sì tẹ̀ lé e. Nínú ìbọn tí a fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan, bí ọta bá ń fi sẹ̀ǹtímítà 5 bà sísàlẹ̀ ní mítà 15, ààbọ̀ mìlímítà ni wọ́n máa rẹ́ kúrò. Ìdajì rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́, kí wọ́n yìn ín wò, kí wọ́n tó rẹ́ ìyókù. Irin tí fáìlì bá ti jẹ kò ní padà. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yan irú ọta kan tí wọn yóò máa lò títí ni wọ́n tó ń fọwọ́ kan fáìlì rárá.

Nígbà tí kì í ṣe àmì

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àgbá oníhò mẹ́fà lè ní ihò kan tí kì í bá ọ̀pá ìbọn ṣe déédéé. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 1 dé 6 sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ihò, kí wọ́n máa ti inú ihò kọ̀ọ̀kan yìn, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ibi tó bà lójú bébà. Bó bá jẹ́ pé ihò kan náà ló ń yà ní gbogbo ìgbà, àgbá ló ní àbùkù. Bí àgbá bá ń mì jìgìjìgì nígbà tí òòlù wà ní kíká, tàbí tí òjé wẹ́wẹ́ bá ń ta sára ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò kò dúró gẹ́lẹ́ sí ìdí ọ̀pá mọ́. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní yíyìn títí tí onímọ̀ yóò fi tún un ṣe.

Ẹnu ọ̀pá ìbọn náà gba àyẹ̀wò. Ibi kékeré tó bá ṣẹ́ tàbí tó tẹ̀ wọnú létí ẹnu rẹ̀ á jẹ́ kí èéfín yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọta tó kúrò, á sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjé tó lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá náà ń fọ́n ọta ká. Búrọ́ọ̀ṣì onídẹ àti epo ló ń ṣí i kúrò. Kódà igi tí wọ́n fi ń di ìdí ìbọn mú, bí ìṣó rẹ̀ bá dẹ̀, ó tó láti mú kí ọta yà.

Ìwé ìbọn

Kò sí àtúnṣe tó bófin mu lórí ìbọn tí kò ní ìwé. Ní Benin, àṣẹ ìjọba ni wọ́n fi ń ní ìbọn. Ìwé ẹni tó ta rìfọ́fà kò sì sọ ẹni tó rà á di ẹni tó ní ìwé. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi ṣakabùlà sí ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí ìpín àwọn èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ààrẹ. Àdéhùn ECOWAS lórí àwọn ohun ìjà kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, kan orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹni tó bá torí pé alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ wà ní ìhà kejì gbé rìfọ́fà gba ẹnubodè Ìdíròkò kọjá láìní àṣẹ ti dáràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣó kan ṣoṣo ló fẹ́ lọ dè.

Bí ìwé bá wà, kí wọ́n gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ tí ìjọba mọ̀, pẹ̀lú bébà ìdánwò àti irú ọta tí wọ́n fi yìn ín, nítorí pé bébà yẹn á sọ ohun tó ṣe ìbọn fún un ju ẹnu olówó rẹ̀ lọ. Bí ìwé kò bá sí, tàbí tó jẹ́ pé inú àpótí bàbá tó ti kú ni wọ́n ti rí i, kí ẹnikẹ́ni má fà á wò. Ní Benin, kí wọ́n sọ fún Police Républicaine tó wà ládùúgbò, kí àwọn ọlọ́pàá wá gbé e níbi tó wà.